Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: a fẹ́ fi owó ẹgbẹ́ ṣe ìdókòwò nínú oúnjẹ agbègbè wa, níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Akápò Ẹgbẹ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tí ẹ wà níbí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tó igba. Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi owó pamọ́, owó náà sì ti pọ̀ débi pé kò bójú mu mọ́ kí ó kàn jókòó sí báńkì. Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀pọ̀ nínú wa fẹnu kò pé kí a fi apá kan nínú rẹ̀ ṣe ìdókòwò nínú oúnjẹ tí wọ́n ń gbìn, tí wọ́n ń pèsè, tí wọ́n sì ń tà ní agbègbè wa gan-an. Ohun tí a ń wá ju èrè lọ. A fẹ́ kí ilẹ̀ tó ti ṣá tún padà di ilẹ̀ ọlọ́ràá, kí owó tí a bá ná yí lọ́wọ́ ara wa dáadáa kí ó tó jáde, kí àgbẹ̀ sì lè fi iṣẹ́ rẹ̀ jẹun láìsí pé ó ń tọrọ. Èyí ni àwọn kan ń pè ní ọrọ̀ ajé tó ń sọ nǹkan dọ̀tun, ìyẹn ọrọ̀ ajé tí kì í jẹ ilẹ̀ àti ènìyàn run kí èrè tó jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di awuyewuye ni pé a kò mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní kí a yá àgbẹ̀ lówó, àwọn mìíràn ní kí a ra ilẹ̀, ẹnìkan sì dá a lábàá pé kí a kọ́ yàrá amúǹkantutù ńlá kan. Èmi tí ìwé owó wà lọ́wọ́ mi ni wọn yóò bi léèrè bí owó bá wọlẹ̀, nítorí náà mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ti ṣe é rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ fún wa, títí kan èyí tí kò dùn ún gbọ́.

Ọmọ Àgbẹ̀

Akápò, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ẹ tó bèèrè ibi tí owó náà yóò lọ, ẹ kọ́kọ́ bèèrè iye ọdún tó lè fi ní sùúrù, nítorí pé ilẹ̀ kì í tẹ̀lé kàlẹ́ńdà ìgbìmọ̀.

Àgbẹ̀ tó bá ń kúrò lórí ajílẹ̀ oníkẹ́míkà bọ́ sórí ọ̀nà tó ń mú ilẹ̀ sọjí sábà máa ń la nǹkan bí ọdún méjì sí mẹ́ta kọjá tí irè rẹ̀ yóò dínkù. Ilẹ̀ tó ti mọ́ lára láti máa gba náítírójìn, ìyẹn oúnjẹ irúgbìn, láti inú àpò ajílẹ̀ kò ní àwọn ohun alààyè tín-ín-tìn-ín tó pọ̀ tó láti bọ́ irúgbìn fúnra rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún wọn kó jọ. Rodale Institute, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ti ń gbin oko oníkẹ́míkà àti oko aláìní-kẹ́míkà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn láti ọdún 1981, ohun tí wọ́n sì rí ni pé àgbàdo oko aláìní-kẹ́míkà rẹ̀yìn ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, kí ó tó wá bá èkejì rẹ̀ dọ́gba. Òfin pàápàá mọ̀ pé àkókò yìí wà: ní Amẹ́ríkà, oṣù 36 gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n lo kẹ́míkà tí a kà léèwọ̀, kí àgbẹ̀ tó lè ta irè ilẹ̀ náà lábẹ́ orúkọ aláìní-kẹ́míkà. Nínú gbogbo oṣù yẹn, iṣẹ́ ti pọ̀ sí i, iye tí wọ́n ń ra irè rẹ̀ kò sì tíì gbéra. Ibẹ̀ gan-an ni owó yín yóò ti wúlò jù, ibẹ̀ náà sì ni owó tí kò ní sùúrù ti máa ń ba àgbẹ̀ jẹ́.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Mo yá owó lọ́dọ̀ ilé ayánilówó kan, àdéhùn wa sì ni pé láti oṣù kejì ni n ó ti máa san iye kan náà padà lóṣooṣù. Ní oṣù kejì, irúgbìn mi kò tíì yọ òdòdó. Ewúrẹ́ mẹ́rin tí mo gbọ́kàn lé ìgbẹ́ wọn fún ajílẹ̀ ọdún náà ni mo tà kí n tó rí ti oṣù kejì àti ìkẹta san. Nígbà tí ìkórè dé, mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sọ́jà ní ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ayé ń kó tiwọn lọ, tí owó rẹ̀ sì já wálẹ̀ pátápátá, nítorí pé ọjọ́ ìsanwó kò dúró de ẹnikẹ́ni. Mo san gbèsè náà tán, nínú ìwé wọn oníbàárà rere ni mí. Ọdún tó tẹ̀lé e ni mo padà sídìí ajílẹ̀ alápò, nítorí pé n kò ní ewúrẹ́ mọ́, n kò sì ní owó tí n ó fi dúró de ilẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ ẹni tí ẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́ ti ń jí, ẹ má gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ lọ sí oko náà, kí ẹ fi ọkọ́ wú ìdí ẹ̀wà kan pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ẹ má fi ọwọ́ fà á tu, kí gbòǹgbò rẹ̀ má baà já. Ẹ óò rí àwọn kókó kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò náà. Ẹ fi èékánná gé ọ̀kan sí méjì. Bí inú rẹ̀ bá pupa rẹ́súrẹ́sú bí ẹran tútù, àwọn bakitéríà tó wà níbẹ̀ ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ wá fún ẹ̀wà náà láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá rí bí eérú, tàbí bí ó bá ní àwọ̀ ewé, iṣẹ́ kò lọ níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ mú agolo tí a ti gé orí àti ìdí rẹ̀ kúrò, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ ilẹ̀ díẹ̀, ẹ da ife omi kan sínú rẹ̀, kí ẹ sì wo aago. Ilẹ̀ tó wà láàyè a máa fa omi náà mu kíákíá, ilẹ̀ tó ti ṣá a sì jẹ́ kí ó dúró bí omi inú àwo. Ẹ kọ ìṣẹ́jú tó gbà sílẹ̀ lọ́dọọdún, ní ibì kan náà, ní ìwọ̀n àsìkò kan náà. Èmi fọkàn tán ìwé kékeré yẹn ju ìròyìn olójú ewé ogójì lọ.

Onílé Ìlọkà

Mo gbà pẹ̀lú Ọmọ Àgbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ sùúrù, ṣùgbọ́n n kò gbà pé inú oko ni ìṣòro ti wúwo jù. Mo ti pẹ́ nídìí ọkà lílọ̀, ohun tí mo sì ń rí ni pé irè máa ń wà, ọ̀nà tí yóò gbà dé ẹnu ni kì í sí. Láàárín oko àti ìkòkò, ẹnìkan gbọ́dọ̀ sá a gbẹ, kí ó ṣà á, kí ó lọ̀ ọ́, kí ó dì í, kí ó tọ́jú rẹ̀, kí ó sì gbé e dé ibi tí wọn yóò ti jẹ ẹ́. Bí gbogbo àwọn tó ń ṣe nǹkan wọ̀nyí bá jìnnà sí wa, àgbẹ̀ wa yóò ta ọkà rẹ̀ ní pọ́ọ́kú, àwa náà yóò sì tún ra ìyẹ̀fun rẹ̀ padà lówó gọbọi, gbogbo ohun tó wà láàárín owó méjèèjì ti bá ọ̀nà lọ nìyẹn.

FAO, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ìdá 13 sí 14 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ ayé ló ń ṣègbé láàárín ìkórè àti ilé ìtajà, kí ẹni tí yóò jẹ ẹ́ tó fojú kàn án. Ẹ sì rántí ọdún 2020 nígbà àrùn Kòrónà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn àgbẹ̀ kan ń da wàrà nù nígbà tí àwọn ilé ìtajà kan ń pín in níwọ̀n fún oníbàárà. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ti ń dì í fún ilé ìwé àti ilé oúnjẹ ni kò lè yára yí ẹ̀rọ wọn padà sí ìgò tí ìdílé ń rà. Níbi tí àárín bá ti wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá díẹ̀, bí ọ̀kan bá kọsẹ̀, gbogbo wa la ó ṣubú.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi lórí yàrá amúǹkantutù ńlá yẹn. Ẹgbẹ́ tí mo wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kọ́ ọ̀kan, àwa fúnra wa la sì ṣi í ṣe. A fi iye irè tó ń dé ní oṣù tí ìkórè pọ̀ jù wọn bí yóò ti tóbi tó. Oṣù mẹ́ta péré ló kún. Ní oṣù mẹ́sàn-án yòókù, a ń san owó iná fún yàrá tí àpótí bíi mẹ́fà wà ní kọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí pé ògiri àti òrùlé tó tóbi ń gba ooru wọlé yálà ẹrù wà nínú ilé tàbí kò sí. Ní ọdún kẹta, a tà á. Bí n ó bá tún un ṣe, ẹ̀rọ tí ń fi oòrùn gbẹ irè ni n ó kọ́kọ́ rà, n ó sì wá irè tí wọ́n ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn jálẹ̀ ọdún kí n tó ronú kan òtútù. Ní ti ọkà àti ẹ̀wà, àpò tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ máa ń pa kòkòrò fúnra rẹ̀, torí pé ọ́síjìn inú rẹ̀ yóò tán, kò sì nílò oògùn. Bí àgbẹ̀ bá lè fi irú àpò bẹ́ẹ̀ pa irè rẹ̀ mọ́ fún oṣù mẹ́rin péré, kò ní máa tà á ní ọ̀sẹ̀ tí Ọmọ Àgbẹ̀ ta tirẹ̀.

Akápò Ẹgbẹ́

Ẹ ṣeun gidigidi. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ mẹ́rin yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ìbéèrè mi ni pé bí a kò bá ní gba iye kan pàtó lóṣooṣù, báwo ni n ó ṣe kọ ọ́ sínú ìwé? Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa yóò bèèrè ọjọ́ tí owó wọn yóò padà, ẹ̀tọ́ wọn sì ni.

Oníṣirò Owó

Akápò, ẹ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìpín nínú ohun tí àgbẹ̀ bá tà. Ká ní ẹ fún ẹnìkan ní 100. Ẹ fohùn ṣọ̀kan pé kò ní san nǹkan kan ní ọdún kìíní, pé láti ọdún kejì yóò máa san 6 nínú gbogbo 100 tó bá wọlé fún un láti orí títà, títí tí àpapọ̀ ohun tó san yóò fi pé 125, tí àdéhùn yóò sì parí síbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, yóò tètè san án tán. Bí ọ̀dá bá dá, yóò pẹ́ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò sí ewúrẹ́ tí yóò kúrò nílé nítorí ọjọ́ ìsanwó. Bí títà rẹ̀ bá tó 400 lọ́dún, 24 ni yóò máa san, ìyẹn ni pé ọdún márùn-ún ó lé díẹ̀ ni yóò gbà á lẹ́yìn ọdún ìsinmi. Bí ó bá jẹ́ 200 ni ó ń tà, yóò ju ọdún mẹ́wàá lọ, ẹ sì ti rí i níbẹ̀ pé owó tí ẹ fẹ́ fún un ju agbára oko náà lọ. Ẹ ṣe ìṣirò yìí níwájú àgbẹ̀, kí òun náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Ẹ má lo ìpín èrè. Èrè ni ohun tí ènìyàn méjì tó fẹ́ràn ara wọn lè jà lé lórí fún ọdún mẹ́ta, nítorí pé kò sí ẹni tó lè sọ ní pàtó bóyá epo ọkọ̀ tí àgbẹ̀ rà jẹ́ ti oko tàbí ti ilé. Títà ní tirẹ̀ ṣeé rí nínú ìwé tí wọ́n fi gba ẹrù. Nítorí náà, kí ẹ fi owó díẹ̀ sọ́tọ̀ láti kọ́ àwọn àgbẹ̀ náà bí a ṣe ń kọ ìwé títà. Ìdókòwò ni èyí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jọ ọ́.

Ní ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́, owó tí ẹnìkan lè nílò láàárín ọdún méjì kò gbọdọ̀ wọ inú ètò yìí rárá. Kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fọwọ́ sí i. Kí ẹ yọ apá kan sọ́tọ̀ fún àdánù kí ẹ tó yá ẹnikẹ́ni, kí ẹ má sì jẹ́ kí oko tàbí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo gbà ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Àwọn àgbẹ̀ ti ṣe irú èyí rí kí a tó bí wa. Ní ọdún 1864, Friedrich Wilhelm Raiffeisen dá ẹgbẹ́ ayánilówó sílẹ̀ ní Heddesdorf ní Jámánì fún àwọn àgbẹ̀ tí àwọn olówó èlé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó rọ̀ mọ́ ọn pé kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ sí agbègbè kékeré, kí ẹni tó ń yáni lówó lè mọ ìwà ẹni tó ń yá a. Ẹ̀yin tí ẹ kò tó igba ti ní ohun tí báńkì ńlá kò ní.

Ohun kan kù. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kí owó yí lọ́wọ́ ara yín. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ojú inú wò ó. New Economics Foundation, ilé ìwádìí ọrọ̀ ajé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LM3. Bí ilé ìlọkà kan bá rí 100 gbà, ẹ bèèrè iye tó ná sí agbègbè nínú rẹ̀, ká ní 60. Ẹ wá bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó gba 60 náà, àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn àgbẹ̀, iye tí àwọn náà ná sí agbègbè, ká ní 30. Ẹ pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó di 190. Ẹ pín in sí 100, ó di 1.9. Bí ilé iṣẹ́ kejì bá jẹ́ 1.2, ẹ ti mọ ibi tí owó ti ń jò. Iṣẹ́ ìbéèrè ọjọ́ bíi mélòó kan ni, àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ yín lè ṣe é.

Olùkọ́ Ọrọ̀ Ajé

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò dùn, nítorí pé Akápò ní kí a má fi nǹkan pamọ́. Pé nǹkan jẹ́ ti agbègbè wa kò sọ ọ́ di rere. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ oúnjẹ, èéfín ọkọ̀ tó gbé e wá jẹ́ ìpín kékeré nínú gbogbo ohun tó ń dà sí afẹ́fẹ́. Bí wọ́n ṣe gbìn ín, ilẹ̀ tí wọ́n ro, ajílẹ̀ tí wọ́n lò àti ẹran tí wọ́n sìn ló kó ìpín tó pọ̀ jù. Àgbẹ̀ tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiyín tó ń sun pòpórò lọ́dọọdún, tó sì ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ níhòòhò fún òjò láti gbá erùpẹ̀ rẹ̀ lọ, kò mú nǹkan kan sọjí.

Èkejì, bí ẹ bá kó gbogbo owó sí agbègbè kan, omíyalé kan ṣoṣo lè gbá oko, ilé ìkẹ́rùsí àti ilé ìlọkà lọ lọ́jọ́ kan náà, àwọn tó jẹ yín lówó yóò sì di aláìní lọ́jọ́ kan náà. Ẹ jẹ́ kí apá kan owó ẹgbẹ́ wà níbòmíràn. Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń dùn mí jù: mo ti rí àwọn ètò bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ wọn wọ́n débi pé kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko náà tó lè rà á. Bí ẹ bá ń kọ àdéhùn, ẹ bèèrè ẹni tí yóò jẹ oúnjẹ náà.

Ọmọ Àgbẹ̀

Olùkọ́, òótọ́ lẹ sọ, n kò sì ní bá yín jiyàn lórí pòpórò. Ohun kan ṣoṣo tí ìtòsí fún wa ni pé a lè rìn débẹ̀ lọ wò ó. Ilẹ̀ tó jìnnà, ìwé nìkan ni mo lè kà nípa rẹ̀. Èyí tó wà nítòsí, mo lè mú agolo mi dání.

Agbẹjọ́rò Alájẹṣẹ́kù

Ẹ ti sọ̀rọ̀ nípa oko àti ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni kò sì tíì bèèrè ẹni tó ni ilẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ti rí, kò sí ohun tó ń pa iṣẹ́ yìí kíákíá bí àdéhùn ilẹ̀ ọdún kan. Kí ló dé tí àgbẹ̀ yóò fi gbin igi, tí yóò fi kó ajílẹ̀ ẹran sí ilẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, nígbà tí onílẹ̀ lè gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní kété tó bá ti di ọlọ́ràá? Bí ẹ bá fẹ́ yá ẹni tó ń fi ilẹ̀ ẹlòmíràn dáko lówó, ẹ kọ́kọ́ bá a wá àdéhùn ilẹ̀ tó gùn ju ọdún tí owó yín yóò lò lọ, kí ẹ sì kọ sínú rẹ̀ iye tí onílẹ̀ yóò san fún igi àti ọ̀rá ilẹ̀ bí ó bá gbà á padà ṣáájú àsìkò.

Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn kan dá Terre de Liens sílẹ̀ ní ọdún 2003. Owó tí àwọn ará ìlú fi pamọ́ ni wọ́n fi ń ra oko, wọn kì í tà á mọ́, wọ́n sì ń fi í háyà fún ìgbà pípẹ́ fún àwọn àgbẹ̀ tí kì í lo kẹ́míkà. Àwọn tó dá owó náà kò retí èrè gọbọi. Ohun tí wọ́n rà ni pé ilẹ̀ náà kò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó kàn fẹ́ dúró de ìgbà tí owó rẹ̀ yóò lọ sókè.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni ẹ̀tọ́, kí ó wo orílẹ̀-èdè Niger. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba ni òfin kà sí oní-igi, kódà èyí tó hù sínú oko ènìyàn, nítorí náà àgbẹ̀ kò ní ìdí láti dá a sí. Láti àwọn ọdún 1980, nígbà tí Tony Rinaudo, onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ará Ọsirélíà, àti àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú èéhù tó ń jáde lára kùkùté, tí àwọn aláṣẹ sì dẹ ọwọ́ òfin náà, àwọn àgbẹ̀ wá ń ka igi náà sí tiwọn. Ilẹ̀ tí igi ti padà hù sí níbẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà, wọn kò sì ra irúgbìn igi fún un, torí pé gbòǹgbò rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀tọ́ láti tọ́jú rẹ̀ ni wọn kò ní.

Ní ti ilé iṣẹ́ àárín tí Onílé Ìlọkà mẹ́nu bà, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ní ìpín nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní ìbò kan ṣoṣo, iye owó yòówù kí ó dá. Ìlànà tí àwọn ará Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1844 nìyẹn. Bí ìbò bá ń tẹ̀ lé owó, ilé iṣẹ́ tí ẹ fi sùúrù kọ́ lè di ti ẹni tó kọ́kọ́ mú owó gọbọi wá.

Alásè Ilé Ìwé

Ẹ jọ̀ọ́, kí n fi ti ìdáná kún un. Mo ń se oúnjẹ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ lójúmọ́. Oúnjẹ tó dára jù lọ láyé kò wúlò fún mi bí kò bá dé ní ọjọ́ tí a dá. Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó láti gbìn, ẹ wá ẹni tí yóò rà á, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ wo, ìwọ̀n mélòó, àti ẹni tí yóò pèsè rẹ̀ bí ti àgbẹ̀ kan bá kùnà. Àwọn àgbẹ̀ kan ń gba owó náà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ jẹ oúnjẹ wọn, tí ìdílé yóò san owó ṣáájú ìgbà òjò, tí wọn yóò sì máa gba ìpín wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀; ní Amẹ́ríkà, oko méjì ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní ọdún 1986. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tó lówó lọ́wọ́ nìkan ló lè san owó oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. Ilé ìwé àti ilé ìwòsàn ń bọ́ gbogbo ènìyàn, èyí sì dáhùn apá kan ohun tó ń dun Olùkọ́. Ní Brazil, òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2009 ló kọ́kọ́ ní kí ó kéré tán ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ìjọba àpapọ̀ ń pèsè fún oúnjẹ àwọn ọmọ ilé ìwé lọ sọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ onídìílé. Àgbẹ̀ tó bá mọ̀ pé ọjà náà wà lè gbin ohun tó ń bo ilẹ̀ ní àsìkò ẹ̀rùn láìbẹ̀rù.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń bà á jẹ́. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọ́fíìsì ìṣúná kì í san owó ẹrù títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé. Obìnrin kan ń kó ẹ̀fọ́ wá fún wa ní gbogbo ọjọ́ Ajé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìrì ṣì máa ń wà lára ewé rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ keje, kò wá. Nígbà tí mo pè é, ó ní òun kò ní owó tí òun ó fi san ti àwọn tó ń bá òun já ẹ̀fọ́. A jẹ ẹ́ ní owó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a ò jẹ́ kọ̀ láti san án, a kàn fẹ́ kí ó dúró ni. A tún padà sọ́dọ̀ alágbàtà ńlá tó ń kó tirẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn, nítorí pé òun ní owó tó lè fi dúró.

Akápò, ibẹ̀ ni n bá ní kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ yín san owó fún àgbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹrù bá wọlé, kí ẹ yọ ìdá díẹ̀, kí ẹ sì gba owó náà lọ́wọ́ ilé ìwé nígbà tí wọ́n bá san án. Owó kan náà yóò yí bí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún.

Oníṣirò Owó

Mo fara mọ́ èyí tọkàntọkàn, ó sì dára ju ohun tí mo kọ́kọ́ kọ lọ fún ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Owó kúkúrú ni, ẹni tí ó jẹ gbèsè náà ni ilé ìwé, kì í ṣe àgbẹ̀, ẹ óò sì fi ọdún kan mọ ẹni tó ń mú ẹrù wá déédéé kí ẹ tó fún un ní owó ọlọ́dún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n kí ilé ìwé fọwọ́ sí ìwé pé ẹgbẹ́ yín ni àwọn yóò san owó náà fún, kí ẹrù kìíní tó wọlé.

Akápò Ẹgbẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti tẹ̀ ẹ́ síwèé fún ìgbìmọ̀. Ohun tí mo fẹ́ gbé lọ síwájú ìpàdé nìyí. Ní ọdún kìíní, ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fọwọ́ sí ni a ó fi san owó ẹrù fún àwọn àgbẹ̀ tó ń kó oúnjẹ lọ sí ilé ìwé méjì, bí àwọn ilé ìwé náà bá fọwọ́ sí ìwé. A ó ra àpò tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, a ó sì yá wọn lò. Ìyókù yóò wà níbi tó wà. Ní ọdún kejì, nínú àwọn tí a ti mọ̀, a ó mú àgbẹ̀ mẹ́ta tí àdéhùn ilẹ̀ wọn gùn, a ó sì bá wọn ṣe àdéhùn ìpín títà. A ti fi ọ̀rọ̀ yàrá amúǹkantutù sílẹ̀ ná.

Ọmọ Àgbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ìgbà wo ló yẹ kí a kọ́kọ́ lọ wo àwọn oko náà?

Ọmọ Àgbẹ̀

Ẹ lọ nígbà tí ẹ̀wà bá ń yọ òdòdó, torí pé ìgbà náà ni kókó ìdí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ dúró di ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí òjò bá dá, kí ilẹ̀ má baà tutù jù fún ìdánwò agolo. Ẹ mú ọkọ́, agolo, aago àti ife kan náà tí ẹ óò máa lò lọ́dọọdún dání, kí ẹ sì jẹ́ kí àgbẹ̀ tó ni oko fi ọwọ́ ara rẹ̀ da omi náà.